Rédíò Màmá Fọlọ́runṣọ́

Ó máa ń rẹ̀ mí púpọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Erínjẹ mọ irú àárẹ̀ tí mò ń wí. Kí n tó lọ sílé ìwé, mo ti pọn omi. Bí mo bá dé, màá ha ẹ̀yìn dúdú kúrò lára púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a fi èéfín yan, Ìye mi, ìyá tó bí mi, á gún un, èmi á jọ̀ ọ́. Òórùn èéfín rẹ̀ kì í kúrò lára mi, àní nínú sùtánà funfun tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni Bàbá á tún pè mí kí n wá fẹ́ná èédú.

Páànù ni Bàbá mi ń jó. Garawa tó ń jò, fìtílà tó ya, òun ni wọ́n ń kó o wá fún. Orí irin tó fi ń jó o tóbi tó àtàǹpàkò méjì. Bí ó bá yọ ọ́ nínú iná, tó fi kan lẹ́ẹ̀dì, òjé tó fi ń lẹ páànù, lẹ́ẹ̀dì á yọ́ bí òrí inú oòrùn.

Ìgbà ogun abẹ́lé ni. Fọlọ́runṣọ́, ọmọ kan ṣoṣo tí aládùúgbò wa bí, ti wọṣẹ́ ológun. Rédíò kékeré kan ló rà fún ìyá rẹ̀ kó tó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, Màmá á gbé e sétí, á máa retí ìròyìn. Lọ́jọ́ kan ó já bọ́ láti ojú fèrèsé, ó sì dákẹ́. Màmá gbé e wá bá Bàbá.

Bàbá tú u. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, tí ojú ọ̀nà bàbà tín-ín-rín là lórí rẹ̀ bí òwú. Wáyà kan ló já. “Nǹkan kékeré nìyí,” ni Bàbá wí. Ó ta omi ásíìdì tó fi ń fọ ojú páànù sí i, ó sì gbé irin ńlá rẹ̀ lé e. Èéfín rú. Bàbà náà ṣí kúrò lára pátákó bí èèpo kókò gbígbóná.

Bàbá kò fi pa mọ́. “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo ti bà á jẹ́.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá ọmọ mi ṣì wà láyé?” ni Màmá wí. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Bàbá ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Òkìtìpupa. Ohun tó gbọ́ ni pé irin kékeré ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹnu pẹ́ńsù. Kó má lo ásíìdì, yóò jẹ bàbà náà. Lẹ́ẹ̀dì tí oje igi wà nínú rẹ̀ ni kó lò. Irin ò sì gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ ju kéèyàn ka ení, èjì, ẹ̀ta lọ. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni irin ti ọkùnrin yẹn ń lò, Erínjẹ kò sì ní. Bàbá bá wé wáyà bàbà nínípọn mọ́ orí irin tirẹ̀, ó jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ yọ síta, ó sì fi fáìlì pọ́n ọn ṣóńṣó. Ooru tó ń dé ẹnu wáyà náà kò le jù.

Àmọ́ ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n. Òòlù ọjọ́ pípẹ́ ló fà á. Ó wò mí. “Ìwọ ni,” ló wí.

Pátákó òkú rédíò tí Bàbá tọrọ lọ́wọ́ ọkùnrin Òkìtìpupa ni mo fi kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màá fi aṣọ tútù nu ẹnu irin, màá fi kan lẹ́ẹ̀dì, màá gbé e lé pátákó: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí mo bá ka ẹ̀rin, ìkó Bàbá á dún lórí mi. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni Bàbá máa ń wí, bí oorun tilẹ̀ ń gbé mi lọ.

Níkẹyìn, a fi wáyà tó tín-ín-rín bí irun rọ́pò ọ̀nà tó ti ṣí. Bàbá ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ó hó ṣùùù, ó sì sọ̀rọ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Èmi ò tilẹ̀ láyọ̀; oorun ni mo fẹ́ sùn.

Ogun parí. Fọlọ́runṣọ́ ò dé, rédíò kankan ò sì dárúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, Màmá gbé rédíò náà wá bá mi. “Ọmọ mi, gbà á. N ò gbọ́ ọ mọ́.” Mo tan án wò. Kò sí ohun tó ṣe é.

Lónìí, irin oníná wà lórí tábìlì mi, tí mo lè dín ooru rẹ̀ kù bí mo ṣe fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ná, kò sẹ́ni tó ń jẹ ìkó. Ó sàn báyìí, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé fóònù wá kí n tún un ṣe kì í sọ ẹni tí wọ́n ń retí ohùn rẹ̀ fún mi. Wọ́n á ní kí n ṣe kíá. Èmi náà kì í bi wọ́n léèrè. Ó ti rẹ̀ mí.