Ìyá Tí Ó Ń Jó Nínú Ìwé Náà

Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán gangan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Atẹ́gùn kò fẹ́ láti orí ọ̀sà, oòrùn sì ti lé àwọn ewúrẹ́ lọ sábẹ́ òrùlé. Òórùn ẹja tí Ìyá àgbà ń yan gba gbogbo agbo ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Láti Ìkòròdú ni a ti máa ń lọ lo ìsinmi níbẹ̀. Òfin tí mo bá nílé náà ni pé ọmọdé kì í lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀.

Igbó kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé náà. Ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́gi nínú rẹ̀. Bí Ìyá àgbà bá ní láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn a rọra wí pé, "A dúpẹ́," bí ẹni tí ń kí ènìyàn. Mo rò pé àdúrà ni. Nígbà tí mo bi bàbá mi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ."

Bàbá mi fúnra wọn kò mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá pa igbó náà ní Mọ́ńdè, kí àwọn lè kọ́ yàrá méjì tí àwọn yóò fi háyà síbẹ̀. Ìyá àgbà fárígá.

"Ìyá mi, ṣé ère lẹ ń sìn níbẹ̀ ni?" ni bàbá mi bi wọ́n.

"Mo ní kí o má fọwọ́ kàn án, Àkànní."



Èmi ti lọ tú àpótí bàbá àgbà tí ó ti dolóògbé. Mo rí ìwé kan tí kò ní èèpo mọ́, tí òórùn káfúrà ti gbà. Mo rò pé ìtàn àròsọ ni. Mo jókòó ti Ìyá àgbà nídìí ẹja, mo ń kà á sókè. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní òun fojú òun rí àkókò tí ìgbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná, ń pa àwọn ọmọdé. Olóde ni wọ́n ń pe àrùn náà. A kò gbọ́dọ̀ sunkún ẹni tí ó bá mú lọ, kí ó má baà bínú padà wá. Ọpẹ́ ni a ó máa dá. Ó rí obìnrin kan tí ó sin ọmọ méjì sínú igbó lọ́sàn-án gangan, tí ó pọ̀n ẹ̀kẹta, tí ó sì ń jó bọ̀ wálé.

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, ẹ ò rí irọ́ ńlá! Ọmọ ẹ̀ kú, ó wá ń jó!"

Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹja. Wọn kò wò mí. Igbó ni wọ́n ń wò.

"Ìyá mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Èmi ni wọ́n pọ̀n."

Atẹ́gùn kò fẹ́, síbẹ̀ mo gbọ́ tí ewé ń mì nínú igbó náà. Bàbá mi, tí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣí fìlà.

"Tún ibẹ̀ kà," ni Ìyá àgbà wí. Mo tún un kà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn.

Nísinsìnyí, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ń lọ ní Ìkòròdú. Láìpẹ́ yìí, olùkọ́ ní kí a mú ìwé àtijọ́ tí aráyé ti gbàgbé wá, kí a sì sọ bóyá ìtàn àròsọ ni tàbí ẹ̀rí ẹni tí ó fojú rí i. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ìbá ti dáhùn kí olùkọ́ tó dákẹ́: ohun tí kò bá ṣeé gbà gbọ́, irọ́ ni. Èmi àgbàlagbà gbé ìwé aláìléèpo náà ka orí tábìlì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á tán.

Nígbà èwe mi yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ dé ní Mọ́ńdè tí bàbá mi dá. Iwájú ilé ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí.