Ọwọ́ Choolwe Tí Kì Í Jọ̀wọ́ Ọkọ̀

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Choolwe fi ru ọkọ̀ rọ́bà gòkè láti ìsàlẹ̀ ọ̀gbun odò Zambezi, láìwọ bàtà. Bí àwọn àlejò bá ti fi ọkọ̀ náà gbafẹ́ lórí omi ríru tán, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti abúlé Mukuni ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ náà léjìká gba àárín àpáta. Alárù tí ọkọ̀ bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ yìí náà ló sì kó bá a. Lọ́dún tó kọjá tó ṣe ìdánwò atukọ̀, ọkọ̀ dojú dé láàárín omi ríru, ọkọ̀ ló sì dì mú ṣinṣin nígbà tí omi ń gbé àwọn èèyàn lọ. Bàbá Siamwiza, àgbà atukọ̀ tó ń dán wọn wò, ní kò yege. Àwọn ẹlẹ́gàn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kó padà sídìí ẹrù rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Àràárọ̀ ló ń lọ jókòó sétí omi, tí á máa ka orí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá.

Lọ́dún yìí, ó tún padà wá ṣe ìdánwò náà. Èèyàn márùn-ún wà níwájú rẹ̀, Bàbá Siamwiza jókòó sẹ́yìn. Wọ́n la ọ̀pọ̀ omi ríru kọjá láìséwu, kí ìgbì kan tó wá gbé imú ọkọ̀ sókè, tó sì dà á dojú dé.

Kí Choolwe tó yọrí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára okùn ọkọ̀. Ó ka orí. Àwọn márùn-ún ti fara mọ́ àpáta lápá ọ̀tún. Bàbá nìkan ni omi ń gbé lọ sápá òsì, kò sì lúwẹ̀ẹ́. Ìka Choolwe kọ̀, kò fẹ́ tú. Ó fipá tú wọn, ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ, ó lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé Bàbá, ó sì fà á dé ibi tí omi ti rọlẹ̀.

Bàbá lajú.

“Mélòó ni wa?”

“Ẹ̀yin ni ẹnì kẹfà, Bàbá. Èmi ni ìkeje.”

Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ńṣe ni Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí omi gbé òun lọ.

Wọ́n rí ọkọ̀ náà mú nísàlẹ̀ odò. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Choolwe bẹ̀rẹ̀, ó ti èjìká bọ abẹ́ ọkọ̀ bí ìṣe rẹ̀.

“Gbé e sílẹ̀,” ni Bàbá Siamwiza wí. “Atukọ̀ kì í ru ọkọ̀.”

Àwọn alárù ẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Choolwe ń sunkún bó ṣe ń gun òkè náà láìru nǹkan kan, kò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ sí.