Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Mí Lójú Màmá

Ìgbésẹ̀ méjìdínlógún ni àtẹ̀gùn inú ilé Màmá ní Sharjah. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn Màmá ni mo máa ń wà nígbà tí wọ́n bá ń gùn ún, tí mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tó ń já bọ́ láti orí igi. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n á sinmi. Bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo máa ń wà níwájú, mo máa ń fi ẹ̀yìn rìn, ojú mi kì í sì í kúrò lára sílípáàsì wọn. Àyà mi kì í balẹ̀ àfìgbà tí a bá tẹ ilẹ̀ ìsàlẹ̀.

Màmá kọ́ ló bí mi. Lárúbáwá ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo sì wá ṣe nílé wọn. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo ń gbé ní Dubai pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nínú ilé gíga kan tí ojú ò tó òkè rẹ̀. Màmá ní àwọn ò lè gbé inú ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa èèyàn sókè bí àpò ìrẹsì. Nítorí náà, èmi àti àwọn nìkan la jọ wà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀, Lárúbáwá tí mo sì gbọ́ kò ju ti ilé ìdáná lọ. Bí àlejò bá dé, màá gbé tíì kalẹ̀, màá sì wá ibi sá pamọ́ sí.

Lọ́jọ́ kan Màmá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ òkè. Egungun kankan kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ wọn kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ló fún bàbá rẹ̀ ní ilé náà, wọn kò sì gbọdọ̀ fọ́ ògiri kankan níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ohun tó tọrọ ni pé kí wọ́n kọ́ yàrá kan àti balùwẹ̀ kan sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n fi irin tí arúgbó lè dì mú sí i. Wọ́n máa ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà wọn. Àmọ́ àwọn tó ń tọrọ pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán èèyàn wá wo ẹni tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò lè dúró.

Àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n wá, ọmọ Màmá wà níbi iṣẹ́. Obìnrin kan ni, àti ọkùnrin kan tó ń fi tépù wọn ẹnu ọ̀nà. Màmá ti wọ aṣọ tó dára jù láti àárọ̀, wọ́n ti fín lọ́fínńdà, wọ́n jókòó lórí àga ńlá bí ẹni pé ọwọ́ àwọn ni àwọn àlejò ti wá gbàṣẹ. Obìnrin náà ṣí fáìlì, ó ní ẹni tó ń bá ìyá gbé lòun fẹ́ bi ní ìbéèrè. Èmi nìyẹn. Ó ń sọ Lárúbáwá díẹ̀díẹ̀ kí ó lè yé mi. Ta ló ń wẹ̀ fún Màmá? Ṣé wọ́n lè gun òkè láìsí ẹni tó dì wọ́n mú? Ṣé ìtọ̀ máa ń bọ́ lára wọn?

Gbogbo rẹ̀ ni Màmá ń gbọ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ìwó, mo sọ fún àlejò kan pé ìyá àgbà wa tọ̀ sórí ẹní. Ìyá mi fà mí lọ sẹ́yìnkùlé, ó gbá mi létí. Ó ní, “A kì í tú àgbà síhòòhò lójú àlejò.” Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára ju ìgbájú náà lọ.

Mo wo ilẹ̀. Mo ní Màmá lágbára, pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá kó dàbínù tí àwọn àlejò jẹ kù fún mi, wọ́n pè mí ní binti, ọmọbìnrin mi. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ṣe dáadáa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ wọn mú ìwé kan wá láti ọ́fíìsì. Wọ́n ti ka Màmá mọ́ àwọn tó lè dúró, nítorí ẹni tó ń tọ́jú wọn ti jẹ́rìí pé kò sí ohun tí wọn kò lè dá ṣe. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn béèrè pé, “Kí lo sọ fún wọn?” Mo sá wọ ilé ìdáná. Mo ti gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n dá padà sílé nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, èmi sì rèé, ìjọba ni mo purọ́ fún. Láti ọjọ́ yẹn, bí aago ẹnu ọ̀nà bá ti dún, màá rò pé ọlọ́pàá ló dé.

Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Al Rigga ní Dubai, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wá láti Ìwó, tó ń se oúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bó àlùbọ́sà bí mo ṣe ń ròyìn, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ìwọ tí a máa ń fi owó bẹ̀ kó o tó kí èèyàn. Ọjọ́ tó o wá la ẹnu, irọ́ lo pa fún ìjọba.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n á tì mí mọ́lé?”

Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. “Mi ò mọ̀. Àmọ́ tí ìyá yẹn bá já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ta ni wọ́n máa bi? Ìwọ náà ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé padà sí Sharjah. Ẹ̀rù ara mi ni mo gbé lọ, ẹ̀rù pé Màmá lè já bọ́ ló wá kún un.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí iná, mo gbọ́ tí nǹkan ń gbá àtẹ̀gùn, pà, pà, pà. Mo sáré jáde. Sílípáàsì kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Màmá jókòó sí àárín àtẹ̀gùn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, ẹsẹ̀ kan wà lófìfo. Wọn kò fẹ́ pè mí, àwọn nìkan ló ń sọ̀ kalẹ̀. “Khalas,” ni wọ́n ń wí, ó tó, ó tó, bí ẹni pé àtẹ̀gùn ni wọ́n ń bẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n. Ó pẹ́ kí a tó lè dìde.

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi pe ọmọ wọn lórí fóònù. Mo ní kó mú mi lọ bá obìnrin ọ́fíìsì náà.

Ẹ̀rọ amúlétutù tutù níbẹ̀, síbẹ̀ mò ń làágùn. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kí n má bàa sá: mo purọ́, èmi ni mo ń wẹ̀ fún Màmá, èmi ni mo ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn wọn. Obìnrin náà béèrè ìdí tí mi ò fi sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

“Màmá jókòó níbẹ̀,” ni mo wí.

Ó pa fáìlì dé, mo rò pé ọlọ́pàá ló fẹ́ pè. Ó ní òun yóò padà wá, ṣùgbọ́n ẹnu mi nìkan kò tó mọ́, ojú òun ló gbọ́dọ̀ rí i.

Mi ò lè sọ fún Màmá pé mo lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí obìnrin náà àti ọkùnrin tó ń wọn ilé dé, obìnrin náà rọra bẹ Màmá pé kí wọ́n fi balùwẹ̀ òkè han òun. Màmá dìde. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n á gùn ún bó tilẹ̀ máa pa wọ́n. Obìnrin náà fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kàn wọ́n. Ìgbésẹ̀ kìíní. Ìkejì. Níbi ìkarùn-ún wọ́n dúró, gbogbo wa sì ń gbọ́ èémí wọn.

Wọn kò wẹ̀yìn. Wọ́n kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ku èmi àti àwọn nìkan.

“Binti,” ni wọ́n wí.

Mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni kí n tó gùn ún dé ọ̀dọ̀ wọn. A kò dé òkè. A yí padà, a ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mò ń fi ẹ̀yìn rìn. Obìnrin náà ti ń kọ̀wé.

A jẹun ọ̀sán tán. Lẹ́yìn náà ni Màmá ní, “Ìwọ lo lọ sọ fún wọn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n lọ mú òróró wá, kí n wá fi pa àwọn lẹ́sẹ̀.

Ọ́fíìsì ti gbà, ọkùnrin tó ń wọn ilé sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ògiri ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀kùn yàrá tuntun máa wà. Àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì wá fọ́ ọ. Títí wọn yóò fi dé, ẹ̀yìn Màmá ni mo wà, mo na ọwọ́ méjèèjì.