Mo Ń Lọ Wo Mọ́tò

Ọjọ́ tí Bàbá Dàmọ́lá àti ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì mi nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, mo rò pé wọ́n ṣìnà ni. Bàbá jókòó kí n tó ní kó jókòó. Ó wo ògiri, ó wo àwòrán ọkọ̀ òfúrufú tí mo gbé kọ́ síbẹ̀, ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Físà?"

Mo ní èmi ni, sà.

"Ó dáa. Eré ìje mọ́tò ni mo fẹ́ lọ wò nílùú Òyìnbó, èmi àti tíṣà yìí."

Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní, "Òun ló fẹ́ lọ o. Èmi kàn ń sìn ín ni."

Mo ti bá oríṣiríṣi èèyàn gba físà nígbà náà. Mo ti bá àwọn tó ń lọ sí Jerúsálẹ́mù gbà á, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, àwọn ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òfúrufú nítorí mọ́tò tó ń sáré yípo ibì kan náà? Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àǹtí Bọ́lá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló gbà mí, torí ó ti kìlọ̀ fún mi tipẹ́ pé, "Má fi oníbàárà ṣẹ̀sín láéláé. Ohun tó wu ẹnì kan lè má wu ẹlòmíràn, owó kan náà ni wọ́n ń san." Mo gbé ẹ̀rín mì. Ìyá mi, ọmọ Àkúrẹ́ paraku tí kì í pe iṣẹ́ ní nǹkan míì ju "usẹ́" lọ, máa ń ní usẹ́ ẹnu ni usẹ́ tèmi. Kò parọ́.

Mẹkáníìkì ni Bàbá, ní Sábó l'Óǹdó. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, Òyìnbó kan tó ń ra kòkó máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Òyìnbó yìí fún wọn ní àwòrán ọkọ̀ ìje kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀, kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. "Mo bi ọ̀gá mi pé, báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́? Ló bá fọ́ mi létí!" Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ìgbà náà ló ti ní òun á fi ojú ara òun rí i. Ó tọ́ ọmọ, ó kọ́lé, ó sin òbí, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún fún un, ó ní ìrẹsì àti kánópì kọ́ lòun fẹ́, kí wọ́n fi owó náà mú òun dé ibẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, èmi náà kọ́ ẹ̀kọ́ níbi ìrìnàjò yẹn. Mo rò pé wọ́n á sáré, wọ́n á gba ife, ó parí. Bàbá ní rárá, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọjọ́ Ẹtì, àwọn awakọ̀ á kàn máa dán ojú ọ̀nà wò. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á sáré láti mọ ẹni tó máa dúró níwájú. Ìje gan-an di ọjọ́ Àìkú.

"Ọjọ́ Ìsinmi?" ni Màmá bi í. "Ṣé wọn ò ní ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n ní. Wọ́n á tètè jáde."

Gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí pápá ìje ló ti kún. Ilé àlejò kékeré kan ni mo rí fún wọn ní ìlú kejì, wọ́n á máa wọ reluwé lọ. Nígbà tó kan ibi ìjókòó, mo fẹ́ bá wọn mú iwájú pátápátá, Bàbá fárígá. Ó ní ibi kọ́nà ni kí n bá òun wá. "Lójú títì tó tọ́, ọ̀lẹ pàápàá lè sáré. Níbi kọ́nà la ti ń mọ awakọ̀." Mo wá a títí mo fi rí i. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Lónìí àwọn èèyàn ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń wá jókòó sọ fún mi ohun tó gbé e lọ mọ́. Ó ń dùn mí.

Ó wá ku físà. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, torí mo ṣì ń bá wọn ṣòwò. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò l'Ékòó. Mo kọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo èèyàn: ẹ má parọ́, ẹ má ṣàlàyé rẹpẹtẹ, ohun tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ dáhùn. Màmá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn tirẹ̀, ó sì rọrùn. Wọ́n bi Bàbá bóyá ó fẹ́ ògbufọ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni pásípọ́ọ̀tù dé. Wọ́n fún Màmá ní físà. Wọ́n bọ́ǹsì Bàbá, ìyẹn ni pé wọn ò fún un. Wọ́n ní ó jọ pé iṣẹ́ ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

"Iṣẹ́ kẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún wọn gan-an?"

"Òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ní kí niṣẹ́ mi, mo ní mẹkáníìkì ni mí. Wọ́n ní kí ni mò ń lọ ṣe, mo ní mo ń lọ wo mọ́tò."

Mo káwọ́ lérí. "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní mo ń lọ wo mọ́tò! Wọ́n ní ṣé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Mo ní láti kékeré!"

Yéè! Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Bí èèyàn bá ní kí mẹkáníìkì bá òun wo mọ́tò, ṣé á jókòó tẹjú mọ́ ọn ni? Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló máa ṣí. Ọmọ Yorùbá ni ògbufọ̀ yẹn, ohun tó gbọ́ ló túmọ̀ fún Òyìnbó. Kò ṣẹ̀, Bàbá náà kò ṣẹ̀. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí oníbàárà mi tó tún ń lọ "wo" nǹkan kan. Ìyá tó fẹ́ lọ wo ọmọ rẹ̀ ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ni. Àwọn tó fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù ń lọ wòran.

Mo pe àwọn tó ń fúnni ní físà, mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé títí ẹnu fi bó mi. Wọ́n ní Bàbá lè tún wá, ṣùgbọ́n ìje á ti kọjá. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́, gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn ọmọ kò ní tún rí irú owó bẹ́ẹ̀ kó jọ. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún wá sí ọ́fíìsì mi, Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Tíṣà á lọ."

"Kí n lọ ṣe kí ni?" Màmá dìde. "Ariwo mọ́tò tí mo ti ń sá fún látìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi, kí n tún wá wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ bá a?"

"Lọ, kó o sọ fún mi bó ṣe rí."

"Ẹ máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n yín."

"Tẹlifíṣọ̀n ò mọ̀ mí," ni Bàbá wí.

Màmá jókòó padà. Ó bi mí bóyá òtútù máa ń pọ̀ lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ Àìkú ìje náà, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lẹ́yìn ìsìn, kí Bàbá má baà dá wà. Mo bá a ní pálọ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì. Wọ́n ti mú iná lọ, tẹlifíṣọ̀n dúdú kirimú.

"Bàbá, jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìje ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

"Ó wà. Epo wà nínú ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò tàn án?"

"Tó bá ń pariwo, mi ò ní gbọ́ ìyàwó mi dáadáa."

Fóònù dún. A gbìyànjú fídíò, nẹ́tíwọ̀kì kọ̀, ohùn nìkan la gbọ́. Màmá kò tiẹ̀ kí wa. "Bàbá Dàmọ́lá, wọ́n ti gbéra o! Wọ́n ń bọ̀! Wọ́n ń bọ̀! Wọ́n... háà, wọ́n ti lọ."

Bàbá fọwọ́ lu itan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ta ló ṣáájú?"

"Aláwọ̀ búlúù ni! Àfi kí ẹ rí bó ṣe ya kọ́nà, kò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ fún ìgbà pípẹ́, òun ń ròyìn, ọkọ rẹ̀ ń béèrè. Lójijì Màmá ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ fetí sí ti ipò kejì bó bá tún yí dé. Ó ń mísì."

Bí ẹ́ńjìnnì kò bá dún bọ́ọ̀ mọ́, tó ń já lẹ́nu, ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísì nìyẹn. Bàbá wò mí, mo wo Bàbá. Ó gbé fóònù létí. Àwọn mọ́tò náà tún kọjá, ariwo lásán lèmi gbọ́, àmọ́ mo rí i tí ojú Bàbá yí padà.

"Òótọ́ ni o," ló rọra sọ.

Kò pẹ́, èrò pariwo lọ́hùn-ún. Màmá ní mọ́tò náà ti yà sórí koríko, awakọ̀ rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "ta ló kọ́ ẹ?"

"Ta ló kọ́ mi bí? Látìgbà tí ẹ ti gbé mi wá sínú ilé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ rò pé mò ń sùn ni? Láti kíṣìnnì ni mo ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́wọ́ yín. Bó bá ṣì ń mísì, màá fi iṣu sílẹ̀ lórí iná. Bó bá ti dún bọ́ọ̀, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ wọlé, ìgbà náà ni màá tó gún iyán. Ṣé ẹ jẹ iyán tútù rí nílé mi?"

Omi dà lójú Bàbá sórí aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò nù ún. Ó na ọwọ́ sí mi láìgbé fóònù kúrò létí.

"Ìyá Físà, o ṣeun, ọmọ mi. Bó o bá ń lọ, bá mi pa ilẹ̀kùn yẹn dé. Ariwo ọ̀kadà ti pọ̀ jù níta."