Yàrá Tí Àdúgbò Kọ́ fún Ìyá Mi

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ padà, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní apá Ìkẹjà, a sì ń gbé yàrá kan ní Agége. Bàbá mi ṣàìsàn díẹ̀, ó kú. Lánlọ́ọ̀dù fara dà á fún wa títí, nígbà tó yá, ó kó ẹrù wa síta. Mi ò bínú sí i. Yàrá rẹ̀ ló gbà. Ará Èkìtì ni ìyá mi, ó ti dàgbà díẹ̀ kó tó bí mi, kò sì sí ẹbí kankan l'Ékòó tí a lè sá tọ̀. Èmi àti òun bá kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí à ń lọ, wọ́n sì ní ká máa sùn síbẹ̀ ná.

Ẹ má rò pé wọ́n pa wá tì o. Àdúgbò yẹn gbìyànjú, kí n má purọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, àwọn lánlọ́ọ̀dù ṣe ìpàdé nítorí wa. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, ará mọ́ṣáláṣí wá, ìyá oníbúrẹ́dì tó jẹ́ mùsùlùmí náà wá. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn pé obìnrin àti ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì á yọ̀ǹda ilẹ̀ lẹ́yìn ilé àdúrà, mọ́ṣáláṣí á ra sìmẹ́ńtì, àwọn lánlọ́ọ̀dù á dá owó páànù, kápẹ́ńtà àti bíríkìlà á ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun á máa bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gba Aláúsá lọ. A ò tilẹ̀ ronú kan ìjọba nígbà yẹn.

Ìdí wà tí wọ́n fi ń kánjú. Nínú ìjọ wa, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ méje á fi pé. Tí ìyá mi bá ti rí tirẹ̀, á ká ẹní, á lọ máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé búrẹ́dì, níbi tí ooru ààrò ń dé. Wọ́n á fi mí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì torí ọmọdé ni mí. Mo kórìíra ọjọ́ wọ̀nyẹn. Yàrá yìí ló máa fòpin sí i, gbogbo wa la mọ̀.

Yàrá parí, ó dára. Wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù. Bàbá ìjọ wa ní èèyàn kì í ṣàdédé wọ ilé tuntun. Ó wọ́n omi àdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ta òróró sí ẹnu ọ̀nà, ó ya gbogbo rẹ̀ sí mímọ́ fún Olúwa. A ń ṣe àmín kíkankíkan. Àmín náà ò tíì tán lẹ́nu wa tí ìyá àgbà kan nínú ìjọ fi béèrè pé, "Bàbá, ibi tí a yà sí mímọ́ yìí ńkọ́, ṣé obìnrin lè wọ̀ ọ́ tó bá ń ṣe nǹkan oṣù?"

Bàbá ìjọ wo ilẹ̀ títí. Ó ní, "Kò lè wọ̀ ọ́ o."

Ìyá oníbúrẹ́dì pariwo. "Háà! Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ gba àdúrà náà padà kíá!"

"Ìyá, a ti fi fún Olúwa. Báwo la ṣe fẹ́ gbà á padà?"

Àánú ìyá mi ń ṣe Bàbá ìjọ, ó hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé, gbogbo yín. Olúwa á san án fún yín." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpàdé náà, kò sẹ́ni tó bi í ní ohunkóhun.

Bó ṣe tún ń ká ẹní lọ sí ilé búrẹ́dì lóṣooṣù nìyẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ń dùn ún. Ó ní ó ti mọ́ òun lára. Ọdún tí nǹkan oṣù ìyá mi dáwọ́ dúró ló tó di onílé. Ọdún yẹn gan-an ni tèmi bẹ̀rẹ̀. Ó ká ẹní, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sìn mí dé ilé búrẹ́dì. Mi ò sunkún. Òun náà ò sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, orí fóònù lẹ ti ń ṣèpàdé, ibẹ̀ náà lẹ ti ń dá owó. Ó yá ju ti ayé wa lọ. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa rí obìnrin kan tó ń sùn lábẹ́ afárá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí n tó mọ̀, wọ́n ti gba yàrá fún un. Wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, ẹ wá bá wa gbàdúrà sí i kó tó wọlé."

Mo bá wọn lọ. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù wà lórí rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n di ojú, wọ́n ń retí mi. Inú ò bí mi, inú mi ò sì dùn.

Mo ní, "Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Wọ́n ní àdúrà ńkọ́.

Mo ní mo ti gbà á tán.