Èèwọ̀ Edé Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Àṣé edé ò ṣẹ̀ mí rí.

Ara tó ń yún mi ló gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní edé lèèwọ̀ mi.

"Kí ló máa ń ṣe yín tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́ rí, dókítà."

Ó wò mí, ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Èsì jáde láàárọ̀ yìí: eruku ilé ni ara mi ń bá jà, kò bá edé jà rárá.

Mo bá ṣàlàyé. Nígbà tí màmá mi lóyún mi, nílé wa ní Bẹyẹrunka n'Ìbàdàn, wọ́n jẹ ọbẹ̀ elédé, ojú wọn wú, ara wọn sú. Ìyá àgbà ní, "Ọmọ inú ni ò fẹ́ edé." Bó ṣe dèèwọ̀ mi nìyẹn, kí wọ́n tó bí mi.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ara màmá yín ló kọ edé, kì í ṣe tiyín."

Láyé ọdún 1980 yẹn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìkòkò kékeré kan wà nílé tó jẹ́ tèmi nìkan. Màmá mi á gbé e sórí sítóòfù lẹ́yìn tí tilé bá ti jinná, wọ́n á sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé: "Ẹ má fi ṣíbí edé kan tọmọ mi o."

Mo ra edé l'Ọjà'ba bí mo ṣe ń bọ̀. Mo sè é, mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Àmọ́ ọbẹ̀ ìkòkò kékeré lẹnu mi ń wá, ẹni tó ń sè é ò sì sí mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, kí ni wọ́n kà léèwọ̀ fún yín látinú oyún? Ṣé ẹ ti tọ́ ọ wò?