Kí Ọ́ìlì Tó Dé Orí Ẹ́ńjìnnì

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún àwọn èèyàn ní Ìkòtún, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì fi ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì náà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Màámi a máa sọ pé òun àti ẹ́ńjìnnì yẹn ni wọ́n jọ rán mi níléèwé, pé bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, kí n máa kúnlẹ̀ kí i. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ kò yọjú, ìdí ẹ́ńjìnnì yẹn náà ni mo padà sí, tí mò ń da ata sẹ́nu ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní purọ́, inú mi kì í dùn níbẹ̀. Ojú ń ta mí, ọwọ́ ń ta mí, gbogbo ohun tó bá sì gba sùúrù ló ń bí mi nínú.

Bàbá arúgbó kan láti Ìdímù ni mẹkáníìkì wa. Òun ló de ẹ́ńjìnnì náà mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí màámi rà á, kò sì sí ẹlòmíì tó tú u rí. Lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ funfun ló máa ń wọ̀, láìwọ bàtà, nítorí alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ iṣẹ́, aṣọ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìka ló fi ń ríran. Á ki ọwọ́ bọ àárín irin, á fọwọ́ pa á yíká, á sì sọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti ṣe kì í padà wá, nítorí náà kò sẹ́ni tó yẹra fún un.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ó sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Bàbá tú u palẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi wà nílẹ̀, tí àwọn oníbàárà wa ń kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ní òdìkejì títì, tí màámi ń wò wọ́n. Ní àárọ̀ Sátidé, bàbá tò ó pọ̀ tán. Ìròyìn ti kàn pé a máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, làwọn obìnrin bá to abọ́ ata àti tòmátì wọn sílẹ̀ gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n bàbá kì í ṣíná ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní ọ́ìlì tí a dà sí i wà nísàlẹ̀, kò tíì gun òkè, gbogbo inú rẹ̀ gbẹ. Bó bá ṣíná bẹ́ẹ̀, irin á máa jẹ irin. Ó ní a kì í gbẹ́rù lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn lórí. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á gbé irin kékeré kan sókè kí ẹ́ńjìnnì má baà ṣíná, á ṣí ìdérí òkè sílẹ̀, á wá máa fọwọ́ yí i títí ọ́ìlì á fi yọ lókè. Kò sí iye ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ yí i. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé ó tó.

Bàbá ń yí i, èmi ń bá a wo òkè ẹ́ńjìnnì bóyá ọ́ìlì ti yọ. Á yí i títí, á dúró sinmi, á bi mí bóyá ó ti dé, mo ní kò tíì dé. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń mú. Obìnrin kan gbé abọ́ rẹ̀, ó sọdá títì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Màámi pariwo láti iwájú pé kí la wá ń ṣe níbẹ̀ gan-an. Inú ti ń bí mi láti òwúrọ̀, sí ata, sí oòrùn, sí bàbá tó ń yí irin bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Mo wo inú ẹ́ńjìnnì, mo rí ohun kan tó ń dán. Mo mọ̀ pé ọ́ìlì tí bàbá fọwọ́ pa lára irin nígbà tó ń tò ó ni. Mo mọ̀ ọ́n dájú.

Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ó ti dé?”

Mo ní, “Ó ti dé, bàbá.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dé ìdérí, ó sọ irin kékeré yẹn kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣíná, àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. A lọ abọ́ àkọ́kọ́, a lọ ìkejì. Ìkẹta wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́, ló bá dákẹ́ lójijì. Bàbá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò pa bẹ́árìn tí irin inú rẹ̀ ń yí lórí títí. Bẹ́árìn ti jóná ní gbígbẹ. Ó yíjú sí ibi tí mo wà.

“Ọ́ìlì yẹn, ṣé o rí i?”

Gbogbo èèyàn ló ń gbọ́. Màámi dúró, ó káwọ́ mọ́ àyà. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ kan ṣoṣo ni ì bá yanjú rẹ̀. Mo ní mo rí i. Ìyẹn já sí pé bàbá ni kò tò ó dáadáa.

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan nínú àwọn tó to abọ́ sílẹ̀ ló sọ pé bàbá yìí ń rí ìran ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò rí irin tó ń tò níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín; gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rín in. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí ju irọ́ náà lọ.

Ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, kò ráhùn. Nígbà tó tún kan ká fa ọ́ìlì gòkè, èmi ló ní kí n wá yí i. Kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun wò ó. Ó ki ìka ara rẹ̀ sáàárín àwọn irin òkè tó ń lọ sókè sódò, ó fi í síbẹ̀. Irin gé e lẹ́ẹ̀mejì, mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo dáwọ́ dúró, ó ní kí n máa yí i. Ó pẹ́ gan-an kó tó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ti dé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó.

Màámi kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ohun tó bá dùn ún, á sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn tó ń lọ ata bíi tiwa, àwọn náà sọ ọ́ títí dé Ìgàndó, pé ojú bàbá ti lọ, pé ó ti ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Bí mo bá gba Ìdímù kọjá, mo ń rí i níwájú ilé rẹ̀, nínú aṣọ tó mọ́, tí ọ́ìlì kò kàn, ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Lọ́jọ́ kan ni mo yà síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Mo mọ̀. Ìka mi ti sọ fún mi kí n tó bi ọ́,” ló wí.

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ ni mí, òun ò lè pè mí ní òpùrọ́ níwájú ìyá mi. Òun bi mí kí èmi fúnra mi lè sọ ọ́ ni. Ó wá ní, “Èmi ò bínú. Àmọ́ kì í ṣe èmi ló yẹ kó o wá bá. Ìyá ẹ ni.”

Mo ṣèlérí fún un pé màá sọ fún màámi lálẹ́ ọjọ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ń ro màámi, mo ní kó di ọ̀la. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Òtítọ́ tèmi kò lé irọ́ kankan bá o. Inú mi ló jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹkáníìkì tuntun kan wá yẹ ẹ́ńjìnnì náà wò. Ó béèrè ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn, nítorí ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà mọ́ púpọ̀. Màámi rẹ́rìn-ín. Ó sọ ìtàn bàbá afọ́jú tó jẹ́ kí bẹ́árìn òun jóná lọ́jọ́ Sátidé, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì nawọ́ sí mi.

“Ẹ bi ọmọ mi, ìṣojú ẹ̀ ni. Àbí kò ṣojú ẹ?”

Mo ní, “Ó ṣojú mi, mà.”